Òfin VAPP dé Nyanya, ó dúró: kí ló wà nídìí àríyànjiyàn yìí?

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Wuse nírọ̀lẹ́, tó ń lọ sí Mararaba, á kọjá AYA, á kọjá Kugbo, á wá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Nyanya. Kó tó mọ̀, mọ́tò ti gbé e kúrò ní Abuja bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Kò sí odi láàárín, kò sí géètì. Àkàrà tí wọ́n ń dín lápá ibí ò yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá lu ìyàwó rẹ̀ ní Nyanya, òfin tí wọ́n á fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n á fi gbé e bó bá jẹ́ pé Mararaba ló ti lù ú.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí fọ́nrán obìnrin tí ọkọ lù bá gba orí WhatsApp kan. Ẹnì kan á ní, “Òfin VAPP wà ńlẹ̀, ẹ̀wọ̀n tààrà ni.” Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé òfin Abuja nìyẹn, kò kan ará Kano. Ẹnì kẹta á ní òfin òyìnbó ni, pé ọkọ lolórí aya. Kò sẹ́ni tó purọ́ tán nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ délẹ̀.

Kí ni VAPP gan-an?

Òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ ni, Violence Against Persons (Prohibition) Act lórúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ṣe é, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì buwọ́ lù ú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Aso Rock. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ilé aṣojú-ṣòfin, ilé náà kò fọwọ́ sí i títí di 2013, ilé aṣòfin àgbà sì tún jókòó lé e fún ọdún méjì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá ti pé ọdún 13 kó tó dòfin.

Ọ̀rọ̀ ìwà ipá sí obìnrin nìkan ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni wọ́n sọ ọ́ di “ènìyàn”. Ìdí rèé tí òfin náà fi gbèjà ọkùnrin tí ìyàwó ń lù, àti ọmọkùnrin tí wọ́n fipá bá lò. Òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ka ti ọmọkùnrin yẹn sí ìfipábánilòpọ̀ rárá. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin ló ń ṣe é, obìnrin ni wọ́n ń ṣe é sí, ojú ara kan ṣoṣo sì ni. VAPP fẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, ó ka ẹnu àti ihò ìdí kún un, ó sì ka ohun èlò yòówù tí ẹni ibi bá lò.

Ìjìyà ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ̀wọ̀n gbére ló wà fún ìfipábánilòpọ̀. Òfin náà tún sọ pé ní àwọn ẹjọ́ míràn, ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 12, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kó ara wọn jọ ṣe é ni, kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 20. Ẹni tó bá da ásíìdì síni lára, ẹ̀wọ̀n gbére.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ inú ilé, ọwọ́ òfin náà rọ̀. Ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá lé ọkọ tàbí aya síta, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ó pọ̀ jù, tàbí ₦300,000. Lọ́dún 2015, owó gidi ni ₦200,000. Lónìí, àpò ìrẹsì mélòó ló fẹ́ rà? Àwọn tó ń pariwo “ẹ̀wọ̀n tààrà ni” kì í sábà ka ọ̀rọ̀ “tàbí” tó wà láàárín yẹn.

Ìjìyà wà fún fífi ìyà jẹ opó náà, irú bíi fífá orí rẹ̀ tàbí títì í mọ́lé lórúkọ àṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ni dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4. Ẹ má rò pé ti Àríwá nìkan lèyí o. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018, àwa Yorùbá la wà lókè pátápátá láàárín àwọn ẹ̀yà ńlá. Nínú 100 obìnrin wa, nǹkan bí 35 ni wọ́n ti dábẹ́ fún. Ọwọ́ àwọn olóòlà ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé.

Bí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ló ṣe é, kí ló dé tí kò kárí Nàìjíríà?

Òfin náà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 47 kò fi bò pé Abuja nìkan ni òfin yìí ti múlẹ̀.

Bí ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe pín iṣẹ́ ló fà á. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan: ọmọ ogun, owó náírà, ìwé ìrìnnà, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Lílu ènìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ kò sí nínú wọn, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn wà. Abuja kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀. Kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Abala 299 ìwé òfin 1999 ló fi ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe aṣòfin fún un. Nítorí náà, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó ṣe VAPP, iṣẹ́ tí ilé aṣòfin Ìbàdàn máa ń ṣe fún Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń ṣe fún Abuja.

Ẹ wò ó bí aṣọ ẹbí. Abuja yan áńkárá, ó sì rán tirẹ̀. Oníkálùkù ló máa gbé tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan rán an bí wọ́n ṣe rán ti Abuja gẹ́lẹ́, òmíràn gé apá rẹ̀ kúrò, òmíràn lẹ nǹkan mọ́ ọn. Kaduna ti ṣe tirẹ̀ láti 2018. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n tún fi kún ìjìyà nínú ìwé òfin ọ̀daràn wọn. Ọkùnrin tó bá fipá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n á sì pa á. Ìyẹn kò sí nínú ti Abuja. Nasarawa ní tirẹ̀. Ní ilé wa lọ́hùn-ún, Èkó ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá inú ilé láti 2007, Èkìtì ní tirẹ̀ láti 2011. Àwọn méjèèjì ti wà kí VAPP tó dé.

Ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jí. Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti lọ kàwé ní Benin. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sígboro. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn gómìnà kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ti ní tiwọn, títí kan àwọn tó ń lo ṣàríà. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó kù, Kano lorúkọ tó máa ń jáde jù.

Kí làwọn tó ń kọ̀ ọ́ ń sọ?

Ẹni tó bá ní ará Àríwá ń ta ko VAPP nítorí pé wọ́n fara mọ́ ìfipábánilòpọ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí ìmáàmù tó ń wàásù bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ó sì dáa ká má dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni pé òfin ti wà. Ìwé òfin ọ̀daràn Àríwá ti wà láti ìgbà tí òmìnira ń bọ̀, ìpínlẹ̀ 12 sì ti ń lo ṣàríà láti nǹkan bí ọdún 2000, Zamfara ló ṣíwájú. Wọ́n ní ìjìyà ibẹ̀ le, pé ká tún èyí tó wà ṣe dípò ká gbé tuntun wọlé.

Èkejì ló gbóná jù, òun ló sì kan ilé. Kí ni ìwà ipá? VAPP ka èébú, ìdẹ́rùbà àti fífi ọ̀rọ̀ ba ọkàn ẹni jẹ́ mọ́ ọn. Ó ka kí ọkọ fi owó há aya mọ́. Nínú ìtumọ̀ tó fún ìfipábánilòpọ̀, kò yọ ọkọ sílẹ̀. Ìwé òfin ọ̀daràn Àríwá ní tirẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé bí aya bá ti bàlágà, ohun tí ọkọ bá ṣe pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àáfáà rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìjọba ń ti ọwọ́ bọ ohun tí ẹ̀sìn ti là sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ká sọ òótọ́, bí ẹ bá gbé ìbéèrè yìí síwájú àwọn alàgbà ìjọ ní Kubwa, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kò ní jìnnà púpọ̀ sí ti Kano.

Ẹ̀kẹta ni ìfura: owó àwọn òyìnbó olùrànlọ́wọ́ wà nínú ìpolongo náà, kí ni wọ́n ń wá?

Àwọn tó ń jà fún òfin náà ní èsì tiwọn. Lórí ìfura, wọ́n máa ń rán aráyé létí pé obìnrin Àríwá àti obìnrin Mùsùlùmí wà níwájú nínú ìjà náà. WRAPA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 lábẹ́ Adájọ́ Fati Lami Abubakar, wà lára àwọn tó ti àbádòfin náà lẹ́yìn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lórí “òfin ti wà”, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹjọ́ Amina Lawal tó ṣẹlẹ̀ ní Katsina ni ọ̀pọ̀ kì í gbàgbé. Lọ́dún 2002 ilé ẹjọ́ ṣàríà ní Bakori dájọ́ pé kí wọ́n sọ obìnrin náà lókùúta pa nítorí àgbèrè. Oyún tó ní lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ọkùnrin tó dárúkọ ní òun kò mọ nǹkan kan, wọ́n sì ní kó máa lọ. WRAPA wà lára àwọn tó dúró tì í, ilé ẹjọ́ ṣàríà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2003. Ẹjọ́ àgbèrè ni, kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀. Ohun tí àwọn obìnrin náà ń tọ́ka sí ni pé ara obìnrin lè jẹ́rìí ta kò ó níbi tí ti ọkùnrin kò ti jẹ́rìí nǹkan kan.

Ṣé lóòótọ́ ni òfin gba ọkọ láyè láti na aya?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀ dúdú lórí funfun. Abala 55 ìwé òfin ọ̀daràn Àríwá sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí òbí bá na ọmọ láti tọ́ ọ sọ́nà, tàbí bí tíṣà bá na akẹ́kọ̀ọ́, tàbí bí ọ̀gá bá na ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ló wá ka ọkọ tó bá na aya, bí àṣà tàbí òfin ìbílẹ̀ àwọn méjèèjì bá fara mọ́ irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀, tí kò bá sì fa ìpalára ńlá. Ẹ kíyè sí ìjókòó tí wọ́n fi aya sí: ẹ̀gbẹ́ ọmọdé àti ọmọ iṣẹ́.

Abuja náà ń lo irú ìwé òfin yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé abala 19 VAPP sọ pé lílu aya ẹ̀ṣẹ̀ ni, abala 45 sì sọ pé níbi tí òun àti àwọn òfin àtijọ́ bá ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ti òun ló lékè. Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá ti ní irú òfin yìí, abala 55 ṣì dúró gbọin.

Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń jẹ̀bi lábẹ́ ẹ̀?

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ọkọ Osinachi Nwachukwu, akọrin ìhìnrere tó kú ní Abuja ní oṣù Kẹrin 2022. Ẹ̀sùn 23 ni wọ́n kà sí ọkọ náà lọ́rùn nílé ẹjọ́ gíga Abuja. Ẹ̀sùn ìpànìyàn wà níbẹ̀, lílu aya àti ìwà ìkà sí àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́rìí. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin 2025, adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ìdájọ́ yìí ní ti VAPP, àmọ́ ìwé òfin ọ̀daràn àtijọ́ ló ní ìjìyà ikú fún ìpànìyàn. Apá ti VAPP, ìyẹn lílu aya, jẹ́ ohun tó yẹ kó ti dé ilé ẹjọ́ nígbà tí obìnrin náà ṣì wà láàyè.

Kí ló ń fa ìdádúró? Ilé ẹjọ́ wà lára rẹ̀. Abala 27 ní ilé ẹjọ́ gíga Abuja nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ VAPP. Ilé ẹjọ́ májísíréètì tó wà nítòsí kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹjọ́ tó yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá ń tò sẹ́yìn ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti òṣèlú. Èkejì ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Obìnrin á fẹjọ́ sùn lónìí, bó bá di ọ̀la, àbúrò ọkọ, pásítọ̀ àti ìyá tó bí i á ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó ronú nípa àwọn ọmọ. Bí olùpẹ̀jọ́ bá ti lóun ò ṣe mọ́, ọlọ́pàá á pa fáìlì dé.

NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ni òfin náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun ló ṣí ìwé orúkọ àwọn tó jẹ̀bi ìbálòpọ̀ tipátipá ní oṣù Kọkànlá 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, apá kan wà fún ìwà ipá láti ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá gbé Abuja pẹ́ á mọ ìdí: ní oṣù Kẹwàá 2017, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi nítorí àwọn obìnrin tí wọ́n ń kó lójú pópó Abuja lálẹ́, tí wọ́n ń pè ní aṣẹ́wó láìsí ẹ̀rí.

Ṣé ọ̀rọ̀ 35% ipò ìjọba tí àwọn obìnrin ń bèèrè náà nìyí?

Rárá, wọ́n kàn máa ń dà á pọ̀ ni. Ìlànà ìjọba lórí akọ àti abo tó jáde lọ́dún 2006 ló ní kí obìnrin máa gba 35 nínú ipò 100. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Abuja pàṣẹ ní oṣù Kẹrin 2022 pé kí ìjọba tẹ̀ lé e nínú yíyan ènìyàn sípò. Ní oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ilé aṣòfin ti da àbádòfin márùn-ún tó kan obìnrin nù nínú àtúnṣe ìwé òfin, títí dé ti àga àkànṣe fún obìnrin nílé aṣòfin. Àwọn obìnrin lọ jókòó sẹ́nu géètì wọn. Ti àga àkànṣe ti padà wá pẹ̀lú àbádòfin míràn. Nínú sẹ́nétọ̀ 109 ti ilé aṣòfin àgbà kẹwàá, obìnrin kò ju 4 lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé níbì kan: àwọn tó jókòó nílé aṣòfin ló ń pinnu bóyá VAPP á dúró. Lọ́dún 2024, àbádòfin kan dé ilé aṣòfin àgbà tó fẹ́ fagi lé òfin náà kí wọ́n tún un kọ. Ẹni tó fara mọ́ ọn á ní òfin náà ní àléébù tó yẹ ká dí. Àwọn tó ta kò ó bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn ṣàtúnṣe ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n má bàa ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ yọ eyín òfin náà.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lónìí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ta àmàlà ní Mararaba. Ọkọ lù ú, ó lé e síta ní aago mọ́kànlá òru, ó sì sá lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Kubwa. Bó bá délẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá Kubwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “Níbo ló ti ṣẹlẹ̀, Mà?” Ibi tí ìyà ti jẹ ẹ́ ló ń pinnu òfin, kì í ṣe ibi tó sá sí. Nasarawa nìyẹn, òfin Nasarawa, ilé ẹjọ́ Nasarawa. Ká ní Nyanya ló ti ṣẹlẹ̀ ni, VAPP ti Abuja á mú un, ilé ẹjọ́ gíga sì lè fún un ní ìwé àṣẹ ààbò tí kò ní jẹ́ kí ọkọ sún mọ́ ọn. Kò di dandan kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa tọrọ rẹ̀. Bó bá ti gbà, ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìlera lè bá a ṣe é.

Ìtọ́jú kò ní ààlà ìpínlẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò, wákàtí 72 àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí láàárín rẹ̀ ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ti ń ṣiṣẹ́. Ibùdó ìtọ́jú tó wà fún un ní Abuja ni Awyetu, nílé ìwòsàn ìjọba ní Bwari. Ní Kano, Waraka ni, nínú ọgbà ilé ìwòsàn Murtala Muhammad. Nọ́ńbà NAPTIP ni 627. Kí ẹni náà má tíì wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Kó ká aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá máa ń mú kó láàgùn, ẹ̀rí á sì bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.